Ibà tí Wọ́n fi Ìbéèrè Sọ Lórúkọ



Ọ̀rọ̀ ibà kan ni mo gbé wá. Ibà kò ṣàjèjì sí wa: a mọ ibà lásán, a mọ ibà pọ́njú, a mọ ibà jẹ̀funjẹ̀fun, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ohun tí ó ń fi ojú tàbí ìfun ènìyàn ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ pìtàn rẹ̀ fún yín, lẹ́tà kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀, lẹ́tà náà kò sì sí nínú ABD wa. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kà á wò: láti orí P, orí R ni ẹ ó bọ́ sí. Q tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì nínú ABC àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oníṣègùn fi pe àrùn yìí. Ibà Q ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí orúkọ náà ṣe dé. Ní ọdún 1935, ní ìlú Brisbane ní ìpínlẹ̀ Queensland, ilẹ̀ Ọsirélíà, ibà kan bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn alápatà ní ilé ìpẹran. Orí á máa fọ́ ọkùnrin náà bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù gbá a, ara rẹ̀ á gbóná, òógùn á bò ó, kò ní lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pe Dókítà Edward Derrick, tí ó jẹ́ olórí ilé àyẹ̀wò ìjọba níbẹ̀, pé kí ó wá wò ó. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún oríṣiríṣi ibà tí àwọn oníṣègùn ìgbà náà mọ̀, kò bá ọ̀kan nínú wọn. Ó fa ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sínú àwọn ẹranko kéékèèké tí a ń sìn fún àyẹ̀wò, ibà mú àwọn náà. Ó wá dájú pé kòkòrò àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Derrick kò rí i. Ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Macfarlane Burnet ní ìlú Melbourne. Burnet àti Mavis Freeman tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rí kòkòrò tíńtín kan tí ó sá pamọ́ sínú ara ẹranko náà.

Orúkọ wo ni kí wọ́n wá fún un? Àwọn kan rò ó pé kí wọ́n pè é ní ibà alápatà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ ra ẹran lẹ́yìn náà? Àwọn mìíràn fẹ́ fi orúkọ Queensland pè é, èyí náà kò sì bójú mu fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Derrick mú Q, tí ó jẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè, ó ní kí a máa lo èyí ná títí ìmọ̀ yóò fi kún. Ìmọ̀ kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ onígbà díẹ̀ náà kò kúrò nílẹ̀ mọ́. Ní àkókò kan náà, àwọn onímọ̀ ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà ti ń rí kòkòrò kan lára eégbọn. Ní 1938, ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Rolla Dyer lọ wo iṣẹ́ wọn, ibà sì dá òun náà dùbúlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni ó jẹ́ ẹ̀rí pé kòkòrò Montana àti ti Brisbane kò yàtọ̀. Nítorí Herald Cox ti Montana àti Burnet ti Melbourne ni a ṣe ń pe kòkòrò náà ní Coxiella burnetii títí di òní.

Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ni ilé kòkòrò yìí. Ẹran tí ó ní in lè máa jẹ, kí ó máa mu, kí ara rẹ̀ sì máa dán. Ìgbà tí ó bá lóyún ni ọ̀ràn dé. Kòkòrò náà á kó jọ sínú ibi ọmọ ní iye tí ẹnu kò lè kà, oyún á wálẹ̀, tàbí kí ó bí òkú ọmọ. Ibi náà àti omi rẹ̀ á dà sínú koríko tí ẹran ń sùn lé, á gbẹ, á di eruku. Òòrùn kì í tètè pa kòkòrò yìí, ọ̀pọ̀ oṣù ni ó lè wà nínú eruku láìkú. Atẹ́gùn á wá gbé e. Ènìyàn tí ń kọjá lọ á mí eruku náà símú, kò sì ní mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni ibà á tó mú un. Kòkòrò tí kò tó mẹ́wàá lè tó láti dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn tí ó kù dá lé.

Orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ni mo fẹ́ mú yín lọ wàyí, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní Họ́láńdì bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ. Ní gúúsù ilẹ̀ náà ni ìpínlẹ̀ Noord-Brabant wà, ibẹ̀ ni ìlú Helmond wà, Helmond sì ni ilé iṣẹ́ Vlisco tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1846 ti ń tẹ àǹkárá. Ìyá tí ó bá ní ojúlówó Họ́láńdì nínú àpótí ní ẹrù láti Noord-Brabant nínú ilé rẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ wọn, oko ẹran àti ilé ènìyàn kò sì jìnnà síra. Ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ń sìn jù tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1984, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń ṣòwò pọ̀ fi òdiwọ̀n sí iye wàrà màlúù tí àgbẹ̀ lè tà. Ní 1997 ẹ̀wẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì pa àìmọye wọn. Àgbẹ̀ kì í káwọ́ gbera nítorí pé ọ̀nà kan dí. Wàrà ewúrẹ́ kò ní òdiwọ̀n, àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ wàràkàṣì rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn bá yà sídìí ewúrẹ́. Ní 1983, gbogbo ewúrẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ náà kò tó 10,000. Nígbà tí ó fi máa di 2009, wọ́n ti lé ní 350,000. Ewúrẹ́ wọn kì í sì í ṣe èyí tí ń jẹ èèpo iṣu kiri ẹ̀yìnkùlé bí a ti mọ̀ ọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ni ó ń gbé abẹ́ òrùlé kan, ní oko mìíràn wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún.

Láti 2005 ni oyún ti bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀ lára ewúrẹ́ ní àwọn kan nínú oko wọ̀nyí, kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì, agbo ni. Àwọn dókítà ẹran wá ìdí rẹ̀, wọ́n sì bá Coxiella nínú ibi ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà náà kò sí òfin tí ó ní kí àgbẹ̀ fi irú oyún bẹ́ẹ̀ tó ìjọba létí. Àwọn tí ń tọ́jú ẹran mọ ohun kan. Àwọn tí ń tọ́jú ènìyàn kò gbọ́.

Ní ìparí oṣù karùn-ún 2007, dókítà ìdílé kan ní abúlé Herpen rí i pé òtútù àyà ti pọ̀ jù lára àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ òun. Òtútù àyà ní ìgbà òtútù kò jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n òòrùn ti ń ràn, oṣù kẹrin ọdún náà gbẹ fúrúfúrú, ojú ọ̀nà kún fún eruku. Àwọn aláìsàn náà kì í sì í ṣe arúgbó kùjọ́kùjọ́. Alágbára ènìyàn ni wọ́n, oògùn tí ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún òtútù àyà kò ràn wọ́n. Ó fi tó àwọn elétò ìlera létí. Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ńlá ni dókítà yìí ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan: ó ka iye àwọn aláìsàn rẹ̀, ó sì fi oṣù wé oṣù.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọsibítù lọ wàyí, kí a dúró díẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Àwọn ọsibítù Oss, Veghel àti 's-Hertogenbosch ni ọ̀pọ̀ aláìsàn náà lọ. Bí a bá wo àkọsílẹ̀ wọn, ọkùnrin pọ̀ ju obìnrin lọ, ọ̀pọ̀ wà láàárín 40 ọdún sí 60, àwọn tí ń mu sìgá sì pọ̀ nínú wọn. Bí ibà náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ara ọkùnrin náà á gbóná dé ìwọ̀n 40, orí á máa fọ́ ọ bí ẹni pé ojú rẹ̀ fẹ́ yọ, òtútù á máa gbọ̀n ọ́n lórí ibùsùn, lẹ́yìn náà òógùn á rin aṣọ oorun rẹ̀ gbindin. Ikọ́ á tẹ̀lé e, ikọ́ gbígbẹ, bí ó bá sì mí kanlẹ̀, ìhà á máa gún un. Bí wọ́n bá ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n á rí ibi funfun lára ẹ̀dọ̀fóró níbi tí ó yẹ kí ó dúdú. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ẹ̀dọ̀ ni ibà yìí máa ń dà láàmú jù. Ní Nẹ́dálándì, ẹ̀dọ̀fóró ni.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà ní ni pé ẹ̀jẹ̀ kò tètè jẹ́wọ́. Nígbà tí àrùn bá wọ ara, ara a máa pèsè ọmọ ogun tirẹ̀ láti bá a jà, àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ni ilé àyẹ̀wò sì máa ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Fún ibà Q, ó lè di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta kí wọ́n tó fojú hàn. Ẹni tí wọ́n gbé wọlé ní ọjọ́ kẹrin ibà rẹ̀, èsì á ní kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ń gbọ̀n lójú wọn. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, àwọn ilé àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí wá ipa kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a lè rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ìyẹn tó wọ́pọ̀, dókítà ní láti pinnu kí èsì tó dé. Inú ara ẹ̀yà tíntìntín tí ó gbé ara wa ró ni kòkòrò náà ń gbé, nítorí náà àwọn oògùn irú pẹnisílínì kì í sábà bá a níbẹ̀. Doxycycline ni ó ń bá a. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá tètè rí i lò, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ibà lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó máa béèrè oúnjẹ.

Ní 2007, nǹkan bí ìdajì àwọn tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni wọ́n dá dúró sí ọsibítù. Ní ọdún méjì tí ó tẹ̀lé e, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni. Ẹ má ṣe rò pé àrùn náà ti rọ̀. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ ni pé àwọn dókítà ti mọ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n sì ń fún ènìyàn ní oògùn nílé kí ó tó di gbígbé. Ṣùgbọ́n iye àwọn aláìsàn ń gòkè bí omi òjò. Ṣáájú 2007, ẹni tí ibà Q ń mú ní gbogbo Nẹ́dálándì kì í sábà tó 20 lọ́dún. Ní 2007, wọ́n jẹ́ 168. Ní 2008, 1,000. Ní 2009, wọ́n lé ní 2,300. Kò sí irú rẹ̀ rí nínú ìtàn ibà yìí ní ibikíbi láyé.

Àwọn dókítà a máa béèrè lọ́wọ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan pé, “Ṣé o ń sin ewúrẹ́?” Á ní rárá. “Ṣé o lọ sí oko ẹran láìpẹ́ yìí?” Rárá. “Ṣé o mu wàrà tí wọn kò sè?” Rárá. Púpọ̀ nínú wọn kò sún mọ́ ewúrẹ́. Ìbéèrè tí ó wá já ewé ọ̀ràn náà kò jọ ti oníṣègùn rárá: “Níbo ni ilé rẹ wà?” Ní 2008, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Helmond tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, láàárín àwọn ará ìlú tí kì í ṣe àgbẹ̀. Àwọn elétò ìlera mú ilé àwọn aláìsàn 96, wọ́n fi àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àwòrán ilẹ̀. Àwọn àmì náà ṣù jọ sí apá kan. Oko ewúrẹ́ ńlá kan wà níbẹ̀ tí oyún ti wálẹ̀ lára ẹran rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, àrùn náà fi nǹkan bí ìlọ́po 31 mú àwọn tí ń gbé láàárín kìlómítà méjì sí oko náà ju àwọn tí ilé wọn jìnnà ju kìlómítà márùn-ún lọ. Ewúrẹ́ kò jáde kúrò nínú ilé rẹ̀, ènìyàn kò sì wọ ibẹ̀. Atẹ́gùn ni ó ń ṣe alárinà.

Ọ̀ràn kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2008 kan náà, tí ó máa ń ṣe mí láàánú bí mo bá rántí rẹ̀. Ní ìlú Nijmegen, ní ilé ìtọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú, wọ́n ní agbo àgùntàn tí ń jẹ koríko nínú ọgbà, kí ojú àwọn aláìsàn lè máa rí ohun tí ó tura. Wọ́n a máa gbé ọmọ àgùntàn mọ́ra, wọn a máa fọwọ́ pa á lára. Oyún ti wálẹ̀ nínú agbo náà. Ibà Q mú àwọn aláìsàn, ó mú àwọn òṣìṣẹ́, ó mú àwọn tí ó wá kí wọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn aláṣẹ mọ oko tí àrùn wà. Wọn kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ará ìlú. Wọ́n ní ọ̀ràn ìkọ̀kọ̀ àgbẹ̀ ni, òfin sì dáàbò bò ó. Àwọn dókítà pàápàá, tí aláìsàn ń wọ́ tọ̀ lójoojúmọ́, kò mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń gbé e wá. Aboyún tí ń gbé ní ìsọdá oko náà kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibà yìí lè ba oyún ènìyàn náà jẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹnu-ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kò mọ̀, òun sì ni ibà náà lè pa jù. Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ náà kò ṣẹ̀. Kò fẹ́ kí oyún ẹran rẹ̀ wálẹ̀, gbèsè sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Orúkọ tí a bá pè ní gbangba lè ba ọjà ènìyàn jẹ́ títí ayé, àwọn alápatà Brisbane lè sọ fún yín. Síbẹ̀, èmi kò rí bí ìkọ̀kọ̀ ẹnì kan ṣe lè tóbi ju èémí gbogbo àdúgbò lọ.

Iléeṣẹ́ ìjọba méjì ni ọ̀ràn náà wà lọ́wọ́ wọn, ti ọ̀gbìn àti ti ìlera. Èyí ń béèrè ẹ̀rí pé ewúrẹ́ ni lóòótọ́. Èkejì ń sọ pé kí a má dúró de ẹ̀rí tán. Bí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ewúrẹ́ ń lóyún, oyún ń wálẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2008, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí àgbẹ̀ ròyìn bí oyún bá ń wálẹ̀ lọ́pọ̀, wọ́n sì fi òfin de bí a ti ń kó ìgbẹ́ ẹran jáde. Abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nílẹ̀ kò tó. Ní oṣù kẹwàá 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yẹ wàrà inú àgbá oko kọ̀ọ̀kan wò. Oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n tó kéde àwọn oko tí ó ní àrùn.

Ní oṣù kan náà, Gerda Verburg, mínísítà ọ̀gbìn, àti Ab Klink, mínísítà ìlera, pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo ewúrẹ́ tí ó lóyún ní àwọn oko tí àrùn wà, àti èyí tí ó ti gba àjẹsára àti èyí tí kò gbà, nítorí kò sí ọ̀nà kíákíá láti mọ èyí tí ó ní kòkòrò nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà ẹran fi abẹ́rẹ́ pa wọ́n lójú àwọn tí ó sìn wọ́n. Kí ó tó parí ní 2010, àwọn ewúrẹ́ tí ó kú ti lé ní 50,000. Ní ọdún 2010, iye ènìyàn tí ibà mú já wálẹ̀ sí nǹkan bí 500, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e kò tó ọgọ́rùn-ún. Àwọn àgbẹ̀ ní àjẹsára ni ó ṣe é, àwọn mìíràn ní pípa ni. Àkókò kan náà ni wọ́n ṣe méjèèjì, kò rọrùn láti pín ọpẹ́ náà.

Láàárín 2007 sí 2010, àwọn tí a kọ sílẹ̀ lé ní 4,000. Àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn tí kòkòrò náà wọ̀ lára lé ní 40,000, nítorí púpọ̀ kò mọ̀ rárá. Ní 2014, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà Herpen wò, wọ́n bá ipa kòkòrò náà lára nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn.

Ṣé ẹni tí ó kúrò ní ọsibítù ti bọ́? Ọ̀pọ̀ bọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tí ibà náà dá dùbúlẹ̀ ni àárẹ̀ kò fi sílẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bí ó bá gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ tán, á jókòó. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní rí nǹkan; àwọn ọ̀gá iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí wò ó bí ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn tí wọn kò pọ̀ tó wọ̀nyí, kòkòrò náà sá pamọ́ sínú ọkàn wọn tàbí sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá, níbi tí ó ti ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Àwọn yìí ń lo doxycycline pẹ̀lú hydroxychloroquine, ìbátan oògùn ibà tí a mọ̀ sí chloroquine níhìn-ín, fún ọdún kan àbọ̀ ó kéré tán. Doxycycline náà kì í jẹ́ kí awọ ara wọn gba òòrùn. Ní 2018, wọ́n kà á pé ó kéré tán, ènìyàn 95 ni ibà Q ti pa láti ìgbà àjàkálẹ̀ náà.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn sọ ní 2010 pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀. Ní 2012, Alex Brenninkmeijer, ẹni tí òfin yàn láti máa gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú sí ìjọba, kọ ìwé kan lórí ọ̀ràn náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kí ìjọba sọ fún àwọn aláìsàn ṣe àkọlé rẹ̀: Ẹ má bínú. Ní 2013, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Q-support sílẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́wàá owó Yúrò láti máa ran àwọn tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn aláìsàn bíi ọgọ́rùn-ún mẹ́ta pe ìjọba lẹ́jọ́; ilé ẹjọ́ ìlú Hague dájọ́ ní 2017 pé ìjọba kò jẹ̀bi lábẹ́ òfin. Lẹ́yìn èyí, ní 2018, ìjọba ní òun á fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí ibà náà sọ di aláàbọ̀ ara nígbà náà ní 15,000 Yúrò, kì í ṣe bí ẹni tí ó jẹ gbèsè, bí kò ṣe bí ẹni tí ó mọ̀ pé ìyà jẹ wọ́n. Àwọn kan tí owó náà tọ́ sí ti kú kí ó tó dé. Àwọn ìdílé wọn ni ó kọ ìwé láti gbà á.